Ìtàn Ìpalára Àwọn Oògùn Tí Ń Dènà Ẹ̀fọ́rí Túúlu

Ohun tí àwọn oníṣègùn kọ sílẹ̀ nípa ìpalára àwọn oògùn tí aláìsàn ń lò déédéé kí ẹ̀fọ́rí túúlu má baà dé fọ́n káàkiri, wọn kò sì bá ara wọn mu, pàápàá lórí methysergide. Ṣáájú rẹ̀, bromide ni ọ̀pọ̀ dókítà ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń fúnni, ó sì máa ń mú èèyàn tòògbé.

Federigo Sicuteri, oníṣègùn ní ìlú Florence ní Ítálì, ló kéde ní 1959 pé methysergide, oògùn ilé-iṣẹ́ Sandoz tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ wá láti ara ergot, ìyẹn olú kan tí ń ba ọkà jẹ́ lóko, ń dènà túúlu. Àwọn kan kọ ọ́ pé 1966 ni ìpalára rẹ̀ kọ́kọ́ hàn, ṣùgbọ́n 1964 ló tọ́, nítorí ọdún náà ni John R. Graham ti Boston tẹ ìròyìn jáde lórí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta aláìsàn tó lò ó, tó sì mẹ́nu ba àwọn tí ẹran líle bí àpá ọgbẹ́ hù sí lẹ́yìn ikùn, tó fún ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti inú kíndìnrín pa. Àtakò kan wà tó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò dáadáa: oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Ormond ti ṣàpèjúwe àìsàn yìí kan náà ní 1948, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó ń lo methysergide, nítorí náà ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni. Ohun tó borí àtakò náà ni pé lára ọ̀pọ̀ aláìsàn tó dá oògùn dúró, ẹran náà súnkì fúnra rẹ̀, ọ̀nà ìtọ̀ sì tún là. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí pàṣẹ pé kí aláìsàn sinmi oògùn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Àríyànjiyàn lórí bóyá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló yẹ kí ìsinmi náà jẹ́ kò tó nǹkan.

Propranolol, tí a ṣàdédé rí ìwúlò rẹ̀ fún túúlu ní 1966, ń mú àárẹ̀ wá, kò sì yẹ fún oníkọ́ fée. Ti valproate ló wúwo jù: láti 1982 ni ìròyìn ti jáde láti Lyon ní Faransé pé àwọn ọmọ tí ìyá wọn lò ó nínú oyún lè ní àbùkù ọ̀pá ẹ̀yìn, síbẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún túúlu ní 1996, ó sì di 2013 kí wọ́n tó kà á léèwọ̀ fún aboyún tó ní túúlu. Topiramate, tí wọ́n fọwọ́ sí fún túúlu ní 2004, ń mú kí ọwọ́ máa jó èèyàn wìnnìwìnnì, kí ọ̀rọ̀ sì máa sọnù lẹ́nu rẹ̀. Erenumab, abẹ́rẹ́ oṣooṣù, dé ní 2018. Ìkìlọ̀ nípa àìrígbẹ́yà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọ ìwé rẹ̀.