Odò Tí Ó Ní Olùṣọ́

Àwa ọmọ Yókò, àwa ará Ìtákẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀ ní ilẹ̀ Benin, a kì í ṣe ọmọ ẹ̀bá odò. Orí òkè pẹrẹsẹ ni Elédùmarè dá wa sí, lórí ilẹ̀ pupa tí ọ̀pẹ fẹ́ràn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn Faransé ń wá ibi tí wọn yóò fi ṣe ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ní ọdún 1922, Pọ́bẹ̀ ni wọ́n yàn. Ọkọ́ àti àdá ni àwọn baba wa fi jẹun. Ẹni tí ó mọ àjẹ̀ í lò láàárín wọn kò pọ̀. Síbẹ̀, bí a bá yọ ẹja kúrò nínú ọbẹ̀ tí àwọn ìyá wa ń sè, ohun tí yóò kù nínú ìkòkò kò ní wu ẹnikẹ́ni í jẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹja ọ̀hún ìsàlẹ̀ ni ó ti wá, láti àfonífojì odò Wẹ̀mẹ̀ tí ó wà ní ìwọ̀ oòrùn wa àti láti inú ọ̀sà Àjàṣẹ́ tí ó wà ní gúúsù. Ó tọ́, nígbà náà, kí àwa tí a ti ń jẹ ẹja yìí láti ìran dé ìran béèrè irú ènìyàn tí ó ti ń ṣọ́ omi tí ó bí i.

Ohun kan wà nípa Wẹ̀mẹ̀ tí ó máa ń ya àjèjì lẹ́nu. Láti agbègbè òkè Àtàkórà ní àríwá ni ó ti dìde, ó sì ń rin ìrìn tí ó tó 500 kìlómítà kí ó tó tú ara rẹ̀ sínú adágún Nokoué. Nítorí náà, òjò àríwá ni ó ń pa á láṣẹ, òjò tiwa kò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òjò àrọ̀kúrò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí oko wa ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, ni omi tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá yóò kún bo bèbè, tí yóò sì tẹ́ ara rẹ̀ lọ rẹrẹ lórí pápá Adjohoun, Bonou àti Dangbo, títí dé àárín àwọn Aguégués tí wọ́n ń gbé orí òpó. Ẹja yóò bá omi jáde lọ sórí pápá, wọn yóò jẹ, wọn yóò yé, ọmọ wọn yóò sì dàgbà láàárín koríko tí ó rì sómi. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé tí omi bá ń padà sílé, ni ọgbọ́n àwọn ará Wẹ̀mẹ̀ yóò fara hàn.

Ọgbọ́n náà ni ihò gbọọrọ tí wọ́n ń gbẹ́ sí pápá, tí wọ́n ń pè ní whedo. Omi tí ń padà lọ kò lè kó ẹja inú rẹ̀ lọ. Àrọ̀ àti àwọn ẹja mìíràn tí ó lè fara da omi tí kò mọ́ yóò sá pamọ́ síbẹ̀ lábẹ́ ewéko, títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi mú kí gbogbo pápá yòókù gbẹ táútáú. Ihò kọ̀ọ̀kan ni ó ní olúwa rẹ̀. Ẹni tí baba bàbá rẹ̀ gbẹ́ ẹ ni ó ń jogún rẹ̀, òun ni yóò sì sọ ọjọ́ tí a ó ṣí i, tí a ó kó ewéko kúrò lójú rẹ̀, tí tọmọdé tàgbà yóò wọ inú ẹrẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n àti ìgèrè. Ẹni tí ó bá lọ pa ẹja níbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, olè ni. Mo fẹ́ kí òǹkàwé kíyè sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí dáadáa, nítorí òun ni òpó tí gbogbo ìtàn náà fẹ̀yìn tì: ẹja kò ṣọ̀wọ́n fún wọn nítorí pé ẹnìkan wà tí ó lè sọ pé kò tíì yá.

Nínú adágún àti ọ̀sà, àkájà ni wọ́n ń lò. Apẹja yóò ri ẹ̀ka igi púpọ̀púpọ̀ mọ́ ẹrẹ̀ níbi tí omi kò ti jìn, ara igi náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hu ohun tútù tí ń yọ̀, ẹpìyà yóò sì wá síbẹ̀ láti jẹ ẹ́, láti sá fún ẹja tí ń pa á jẹ, àti láti bímọ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, olúwa rẹ̀ yóò fi àwọ̀n yí i ká, yóò fa igi tu lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì bu ẹja sínú ọkọ̀. Ọwọ́ àwọn Tofinu ti Ganvié ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ jù, àwọn tí ìtàn wọn sọ pé inú omi ni àwọn baba ńlá wọn sá wọ̀ nígbà tí ogun Dànhọ̀mẹ̀ ń kó ènìyàn lẹ́rú. Àwa tí ogun kan náà lé kiri, tí ó sì fọ́ Kétu mọ́ wa lójú ní ọdún 1886, a mọ ohun tí ó lè mú kí ènìyàn fi ilẹ̀ gbígbẹ sílẹ̀. Ní ọdún 1972 ni onímọ̀ ẹja kan tí ń jẹ́ R. L. Welcomme tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí àkájà Dàhòmì, orúkọ tí ilẹ̀ Benin ń jẹ́ nígbà náà, àwọn tí ó sì wọn ìkórè irú pápá omi bẹ́ẹ̀ rí i pé hẹ́kítà kan lè mú láti tọ́ọ̀nù 4 títí dé tọ́ọ̀nù 20 wá lọ́dún. Àmọ́ ṣá o, igi ni àkájà ń jẹ, kò sì mọ yó. Ẹ̀ka tí a kò fà tu ń jẹrà, ìdọ̀tí rẹ̀ a sì máa mú kí omi pọ́ọ́kú, bẹ́ẹ̀ ni apẹja aláwọ̀n tí kò ní àkájà kì í fẹ́ kí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ gba ojú omi tán mọ́ òun lọ́wọ́.

Kì í ṣe àkájà nìkan ni ó yí adágún Nokoué padà. Ọdún 1885 ni wọ́n la yanrìn etí òkun ní Kútọnù nítorí àkúnya omi, láti ọjọ́ náà sì ni omi iyọ̀ ti ń rí ọ̀nà wọ Nokoué nígbàkígbà tí Wẹ̀mẹ̀ bá fà. Edé àti akàn àti ẹja òkun bá ọ̀nà náà wọlé, ẹja omi dídùn sì sún sẹ́yìn. Ọwọ́ ènìyàn ni ó yí ìwà adágún padà ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kò sì tíì padà bọ̀ sípò.

Bí ẹja ṣe ń gòkè tọ̀ wá wá nìyí: iná ni ó ń kọ́kọ́ gbà. Àwọn obìnrin ẹ̀bá odò a ká àrọ̀, wọn a fi igi gún ìrù mọ́ ẹnu, wọn a sì tò ó sórí ààrò títí yóò fi gbẹ. Tútù kúkú ni a ń ká ẹja. Wọn a rù ú lọ sí ọjà ọrọọrún tí ó wà lórí òkè, wọn a sì gba àgbàdo, epo àti gààrí bọ̀. Nígbà tí ojú irin tí ó ti Àjàṣẹ́ wá dé Pọ́bẹ̀ ní ọdún 1913, nítorí epo àti èkùrọ́ ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n agbọ̀n ẹja kò béèrè àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó wọ ọkọ̀.

Gbogbo èyí ni ẹja pípa fún oúnjẹ. Èyí tí a ń pa fún ayọ̀ àti ìdíje, ibi tí ó ti lókìkí jù ní àgbègbè wa ni Argungu ní ilẹ̀ Kebbi ní Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún náà ní ọdún 1934 láti fi yẹ́ Sultan Ṣókótó sí, lẹ́yìn ìṣọ̀tá ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí ó ti wà láàárín ilẹ̀ méjèèjì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin yóò jọ bẹ́ sódò lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ àti igbá ńlá, ẹni tí ẹja rẹ̀ bá wúwo jù ni yóò gba ẹ̀bùn. Ní ọdún 2005, ẹja tí ó borí wọn kílò 75. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń pàtẹ́wọ́ kì í rántí Sarkin Ruwa, ìyẹn olórí omi, ẹni tí ń ti odò náà mọ́ gbogbo ayé lẹ́nu títí ọjọ́ àjọ̀dún yóò fi pé. Ohun tí ẹni tí ó ni whedo ń ṣe fún ihò kan ni òun ń ṣe fún odò. Ní Òṣogbo pàápàá, nínú igbó Ọ̀ṣun Òròkí, Yèyé olómi tútù, a kì í tilẹ̀ pa ẹja rárá.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni omi ti ń ní olùṣọ́. Ní ìkángun ayé lápá gúúsù, ní erékùṣù gúúsù ti New Zealand, àwọn olówó ń san owó iyebíye fún afọ̀nàhàn tí yóò mú wọn lọ sí ẹ̀bá Rakaia, Rangitata tàbí Waitaki láti lọ fi ìwọ̀ mú ẹja sámọ́nì tí wọ́n ń pè ní ọba. Ẹja ńlá ni. Èyí tí ó tóbi jù tí a tíì fi ìwọ̀ mú, tí ọkùnrin kan fà jáde nínú odò Kenai ní Alaska ní ọdún 1985, wọn ohun tí ó lé ní kílò 44. Inú odò ni wọ́n ti ń bí i, inú òkun ni ó ti ń sanra, nígbà tí ó bá sì gbó tán yóò padà gun odò tí wọ́n ti bí i, yóò yé ẹyin, yóò sì kú síbẹ̀. A máa ń sọ pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ẹja yìí kò gbàgbé tirẹ̀. Síbẹ̀ kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀. L. F. Ayson, tí ó jẹ́ olórí iṣẹ́ ẹja lábẹ́ ìjọba ilẹ̀ náà, ni ó ṣètò bí wọ́n ṣe kó ẹyin rẹ̀ láti odò McCloud ní California wá sí Hakataramea láàárín ọdún 1901 sí 1907, ibẹ̀ ni ó sì ti di ẹja ìgbẹ́. Nígbà tí iye àwọn tí ń padà wálé bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, àwọn aláṣẹ fi òfin lélẹ̀ ní àwọn agbègbè tí odò wọ̀nyí wà, fún àkókò ẹja tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2021, pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ pa ju ẹja sámọ́nì 2 lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ àkókò náà títí dé òpin rẹ̀. Afọ̀nàhàn tí ó gba owó lọ́wọ́ àlejò ni yóò wò ó lójú, tí yóò sọ fún un pé ó ti tó.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó ń dín kù ní ìsàlẹ̀ wa. Ewéko àjèjì tí ń léfòó ti bo ojú Nokoué ní ìgbà òjò, àwọn ọ̀dọ́ ń lo àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré débi pé ọmọ ẹja tí a bí lánàá kò lè yọ nínú rẹ̀, ìgbàkigbà sì ni wọ́n ń ṣòfin lórí àkájà láti ọ́fíìsì tí ó jìnnà sí ẹrẹ̀. Bí èmi bá ní ọ̀rọ̀ í sọ níbẹ̀, àwọn àgbà tí ó jogún whedo ní Wẹ̀mẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n pè jókòó, kí wọ́n tó pe onímọ̀ ìwé, kí wọ́n sì bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ tí a lè ṣí omi àti ọjọ́ tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.