Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyawoye, ọmọ Ọ̀ffà tó sọ òkúta Bauchi lórúkọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé ní Arepo, Ewékorò nípìńlẹ̀ Ògùn wa níbí ni wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Kéèyàn tó wa ilẹ̀, ó yẹ kó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìmọ̀ yẹn, jiọ́lọ́jì, ni Mosobalaje Oyawoye kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọdún 1927 ni wọ́n bí i. Durham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti gboyè dókítà. Nígbà tó máa di 1966, ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n jiọ́lọ́jì, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé'bẹ̀. Òun ló sọ òkúta kan ní Bauchi ní "bauchite", orúkọ náà ò sì yí padà dòní.

Ẹ wo Zamfara lọ́dún 2010: òjé wà nínú òkúta góòlù táwọn èèyàn ń lọ̀ nínú ilé. Eruku ẹ̀ pa ọmọdé tó lé ní 400.