Ọmọ Ilé Ìwé Tó Mọ Oore Àná

Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Ẹnu ìyá ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ gbọ́ òwe yìí, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹnìkan ra bàtà fún wa tàbí tó san owó ilé ìwé wa. Ìyá á jí ọmọ kí ojú tó là dáadáa, á ní kó lọ kí ẹni náà. Ọmọ á dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ kú àná o." Ó ti dúpẹ́ lánàá, ṣùgbọ́n ìyá mọ̀ pé ayọ̀ ló gba ẹnu ọmọ sọ̀rọ̀ lánàá. Ọpẹ́ tó sùn tó sì jí ni àwọn àgbà ń kà sí ọpẹ́.

Àwọn kan a máa túmọ̀ òwe náà bí ẹni pé ọgbọ́n àtigbà ni: dúpẹ́, kí wọ́n lè tún fún ọ. Lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dún létí. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ibẹ̀ ni àwọn tó pa á fi mọ. Oore kan wà tó jẹ́ pé kí ọmọ tó mọ iye rẹ̀, ẹni tó ṣe é ti lè kúrò láyé. Oore olùkọ́ ni. Ẹni tó di ọwọ́ ọmọ mú kọ a, b, d sórí síléètì kì í sábà rí ọjọ́ tí ọmọ náà máa di ẹni tó lè san án. Ta ni a ó wá lọ kí láàárọ̀? Ta ni yóò rí òmíràn gbà? Lójú tèmi, ilé ìwé fúnra rẹ̀ ni ọmọ ń padà lọ kí, òmíràn tí òwe ṣèlérí a sì bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwa fi sílẹ̀.

Àwọn òkè Dassa-Zoumè ni mo fẹ́ gbà dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú Ìdáàṣà yẹn wà ní ẹkùn Collines ní orílẹ̀-èdè Benin, ní nǹkan bí 200 kìlómítà sí àríwá Kútọnu, láàárín àwọn òkè àpáta tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń kà sí 41. Ìtàn wọn sọ pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni Jagun Ọlọ́fin ti wá, òun sì ni baba ńlá àwọn ọba Ọmọ-Jagun tó jẹ níbẹ̀. Nígbà tí ogun Dàhòmì ń kó ènìyàn lẹ́rú káàkiri, orí òkè ni wọ́n sá sí. Àwọn Ẹ̀gbá tó kù nílé náà ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ní 1830, olórí wọn Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé abẹ́ àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta, ogun Dàhòmì yẹn kan náà sì wá bá wọn ní 1851 àti 1864, wọn kò rí ìlú náà kó. Nígbà tí àwọn òyìnbó pín ilẹ̀, Ìdáàṣà bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Abẹ́òkúta bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀ títí di òní, bí wọ́n bá ń pìtàn ọba ní Ìdáàṣà, wọn kì í fo ilẹ̀ Ẹ̀gbá dá. Ẹni tó bá mọ ìyẹn kò ní bínú sí mi bí mo bá ti Dassa-Zoumè kọjá lọ sí Abẹ́òkúta láti wá àpẹẹrẹ, nítorí ilé ni mo lọ.

Ní 1908, nígbà tí Ẹ̀gbá ṣì ń ṣe ìjọba ara wọn, wọ́n ṣí Abeokuta Grammar School. Orúkọ ọmọ tó kọ́kọ́ wọ ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, tí wọ́n bí ní 1891. Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti ni bàbá rẹ̀, ẹni tó ń fi ohùn ilẹ̀ wa kọ orin ìyìn, tí wọ́n sì gba orin rẹ̀ sórí àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ọmọ náà kàwé tán ní Abẹ́òkúta, ó lọ sí Fourah Bay College ní Sierra Leone, ó gba oyè B.A. ní 1916. Ọ̀nà iṣẹ́ ìjọba ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó ní irú oyè bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Abeokuta Grammar School ló padà sí, ó lọ dúró níwájú pátákó tí òun náà ti jókòó wò rí.

Kò pẹ́ níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Láti 1918 títí di 1932, Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School ló ń darí. Ibi yìí ni mo ti fẹ́ kí a dúró díẹ̀, nítorí a máa ń rò pé olóòótọ́ ọmọ ni ẹni tí kò kúrò nílé. Ọdún mẹ́rìnlá ni Dáódù, bí wọ́n ṣe máa ń pè é, fi sin ọmọ Ìjẹ̀bú tọkàntọkàn. Ibẹ̀ ló ti rí i pé olùkọ́ kan ṣoṣo kò lágbára, tó fi bá àwọn ọ̀gá ilé ìwé yòókù ní Ìjẹ̀bú dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1926. Láti inú irú ẹgbẹ́ kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà ti jáde ní oṣù keje 1931, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Nígbà tí ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́ wá nílò ọ̀gá ní 1932, ẹni tó padà dé kì í ṣe ọmọ tó jáde lọ mọ́. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ilé ìwé lórí ilé ìwé àwọn ẹlòmíràn, ó wá kó gbogbo rẹ̀ wálé. Ọ̀gá náà di ipò yẹn mú títí di 1954. Ó le koko, kò fàyè gba ọ̀lẹ, ọ̀pọ̀ tó kàwé lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rù ẹgba rẹ̀ kò kúrò lára wọn bọ̀rọ̀. Wọlé Ṣóyínká wà lára wọn kó tó lọ sí Government College ní Ìbàdàn.

Oore Fourah Bay náà ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, ọjọ́ sì dé tí wọ́n bi í. Ní 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ Elliot kalẹ̀ láti wo ohun tí wọn yóò ṣe sí ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọmọ Áfíríkà mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: Arku Korsah láti Gold Coast, dókítà Taylor-Cummings láti Sierra Leone, àti Ransome-Kuti. Nígbà tí ìròyìn jáde ní 1945, ìgbìmọ̀ ti pín sí méjì. Àwọn díẹ̀ ní kí wọ́n dá yunifásítì kan ṣoṣo sílẹ̀ ní Ìbàdàn fún gbogbo àgbègbè náà. Bí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀, Fourah Bay yóò kàn di ilé ẹ̀kọ́ tó ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ibòmíràn. Àwọn tó pọ̀ jù ní kí Nàìjíríà ní tirẹ̀, kí Gold Coast ní tirẹ̀, kí wọ́n sì gbé Fourah Bay ró níbi tó wà. Àwọn ọmọ Áfíríkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí ti àwọn tó pọ̀.

Ẹ gbé e wò. Ìbàdàn kò jìnnà sí Abẹ́òkúta rárá. Kò sí ohun tí Ẹ̀gbá ìbá pàdánù bí gbogbo rẹ̀ bá bọ́ sí Ìbàdàn. Ransome-Kuti ò tìtorí ìyẹn gbàgbé ilé ìwé tó wà ní etí òkun Freetown, ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1827, tí ọmọ Òṣogùn kan, Àjàyí Crowther, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ kàwé níbẹ̀. Ìjọba tẹ̀ sí ọ̀rọ̀ àwọn díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Gold Coast kò gbà, wọ́n ní àwọn yóò náwó sí tiwọn, bó ṣe di pé ti Ìbàdàn àti ti Gold Coast bẹ̀rẹ̀ ní 1948 kan náà. Fourah Bay pẹ̀lú kò kú. Ó di yunifásítì kọ́lẹ́jì ní 1960. Nínú gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí ṣe, ìfọwọ́sí 1945 yẹn ni mo kà sí ọpẹ́ tó tóbi jù, nítorí kò sí ẹni tó máa bá a wí bí ó bá dákẹ́.

A kò sì lè pa ìtàn rẹ̀ láìmẹ́nu ba ìyàwó rẹ̀. Ní 1914, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Frances Abigail Thomas wọ Abeokuta Grammar School. Òun ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó lọ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, ó padà dé ní 1922 pẹ̀lú orúkọ Fúnmiláyọ̀ nìkan lẹ́nu, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé tó ti jáde. Ní 1925 ó fẹ́ Dáódù. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà. Nígbà tí àwọn ìyá wọ̀nyí lè ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé owó orí, wọn kò gbà mọ́. Ẹgbẹ́ obìnrin Abẹ́òkúta dìde, Aláké Adémọ́lá, ọba Ẹ̀gbá, sì kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù kìíní 1949. Àǹfààní tí ilé ìwé ṣe fún ọmọbìnrin kan ní 1914 di ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin tí kò wọ ilé ìwé rí.

Ó dùn mí pé bí a bá dárúkọ Ransome-Kuti lónìí, "bàbá Fẹlá" ni ọ̀pọ̀ ń dáhùn. Fẹlá tó ẹni à ń dárúkọ, Olikoye àti Bẹ́kọ̀, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, náà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ bàbá wọn ti pé kí wọ́n tó gbajúmọ̀. Oṣù kẹrin 1955 ló sì kú, kò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn tó fi ilé ìwé sílẹ̀. Ojúṣe ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ni láti gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òjìji ọmọ. Aṣọ ẹgbẹ́jọdá dára, jíjẹ mímu dára, ṣùgbọ́n ọmọ ilé ìwé tó ń kàwé lọ́wọ́ yẹ kó lè sọ ẹni tó jókòó síbẹ̀ ṣáájú òun.

Fún àwọn ará wa ní Ìdáàṣà, ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀ sí i. Lábẹ́ Faransé, ọmọ tó bá fẹ́ kàwé jìnnà kò lè dúró lábẹ́ òkè rẹ̀. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni yóò lọ, sí ilé ìwé Victor Ballot. Bí orí bá sì túbọ̀ ṣe é, ó di ilé ìwé William Ponty ní Senegal, níbi tí àwọn ọmọ Dàhòmì bíi Hubert Maga ti kàwé kí wọ́n tó padà wá di olùkọ́. Oore irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tú ká sí ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, èyí tó wà lábẹ́ òkè, tó kéré jù, tó sì ṣáájú gbogbo wọn, ni a sì ń tètè gbàgbé.

Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, láti 1954, àwọn ìjọ Àgùdà ń rọ́ wá sí ihò àpáta Notre-Dame d'Arigbo ní Dassa-Zoumè. Àkókò ìsinmi ilé ìwé ni, àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti òkè òkun a sì máa wálé. Ẹ̀bẹ̀ mi sí wọn ni pé kí wọ́n lo ọjọ́ kan nínú ìsinmi yẹn lọ́dọ̀ àwọn bàbá àti ìyá tó kàwé ṣáájú òmìnira 1960. Ta ni orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ wọ ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé ìwé ìlú yìí? Ọmọbìnrin wo ló kọ́kọ́ wọlé? Ta ló jáde lọ, tó tún padà wá kọ́ni? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní èdè Ìdáàṣà àti ní Faransé, kí wọ́n fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ ní ilé ìwé náà kí wọ́n tó wọkọ̀ padà.