Nígbà Tí Odò Ọya Ń Kún Lẹ́ẹ̀mejì Lọ́dún

Kí wọ́n tó sé Odò Ọya ní Kàíńjì, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń kún lọ́dún, àwọn tó ń gbé etí rẹ̀ kì í sì í ṣi àkọ́kọ́ mú fún èkejì. Oṣù Kẹjọ ni àkọ́kọ́ máa ń dé, nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa nílẹ̀ Haúsá àti nílẹ̀ Ìbàrìbá. Ó máa ń ru amọ̀ bọ̀, ó máa ń rí bí omi ògì. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní omi funfun. Ọ̀nà jíjìn ni èkejì ti ń bọ̀. Òjò orí òkè Gínì ni, tó rìn wọ Màlì, tó tẹ́ rẹrẹ sínú irà ńlá tó wà níbẹ̀, tí gbogbo ẹrẹ̀ inú rẹ̀ sì silẹ̀. Kó tó dé ilẹ̀ wa, oṣù Kejìlá á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé, ọyẹ́ á ti máa fẹ́, òjò á ti dá tipẹ́. Torí pé kò ní ẹrẹ̀ nínú mọ́ ni wọ́n ṣe ń pè é ní omi dúdú.

Omi tó ń kún bẹ́ẹ̀ kì í ṣe omi lásán. Bó bá ti ya wọ inú koríko ẹ̀bádò, ẹja á wọ ibẹ̀ lọ yé, ọmọ ẹja á máa jẹ, á máa dàgbà níbẹ̀. Bí omi bá wá ń fà, àwọn Tápà á fi ìgèrè àti àwọ̀n dí ojú ibi tí omi ń gbà padà sódò. Ẹja tó bá há sínú kòtò di tiwọn. Ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn sí ilẹ̀ tí omi ń gùn bọ̀. Lápá òkè, ní agbègbè Yauri, àwọn Gungawa tó ń gbé erékùṣù inú odò nígbà náà ń gbin àlùbọ́sà sí etí omi, wọ́n ń fa omi odò bomi rin ín. Màlúù àwọn Fúlàní náà á sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ koríko tútù nígbà tí gbogbo ibòmíràn bá ti gbẹ.

Ọdún 1962 ni ìjọba dá àjọ tí yóò máa bójú tó dáàmù Odò Ọya sílẹ̀. Ní 1964, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Kàíńjì. Nígbà tó fi di 1968, wọ́n ti sé odò náà pa. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí Ọ̀gágun Gowon, olórí ìjọba nígbà náà, ṣí dáàmù náà ní oṣù Kejì 1969. Adágún tó ti ẹ̀yìn dáàmù náà yọ gùn tó kìlómítà 136. Ó bo ìlú Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀, níbi tí arìnrìn-àjò òyìnbó Mungo Park ti pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ ní 1806. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ méjì àti ẹgbàajì ènìyàn, ìyẹn 44,000, ló ṣí kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn. Wọ́n ka àwọn wọ̀nyí lórí, wọ́n sì kọ́lé fún wọn. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ dáàmù ni ìṣirò ò dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí omi ò bo ilé tiwọn. Omi ò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn bó ṣe yẹ mọ́ ni.

Ẹ̀rọ tó ń pèsè iná mànàmáná ní Kàíńjì ò fẹ́ràn omi tó ń kún tó ń fà. Bákan náà ló fẹ́ kó máa ṣàn látọdún dé ọdún. Nítorí náà, dáàmù á há omi òjò mọ́ inú adágún, á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Fàdámà, ìyẹn ilẹ̀ ẹ̀bádò tó yẹ kí omi gùn, ò rí omi. Ilẹ̀ ẹsẹ̀ odò tó yẹ kó gbẹ kí wọ́n tó fọ́n irúgbìn sí i ń tutù. Láàárín ọdún mélòó kan péré, ẹja tí àwọn apẹja ń pa láàárín Jẹ́bà àti Lọ́kọ́ja ti dín ní nǹkan bí ìdajì. Òótọ́ ni pé ọ̀dá tó mú ní apá Sàhẹ́lì láàárín 1970 sí 1989 fi kún un, omi dúdú fúnra rẹ̀ rù. Ṣùgbọ́n ẹja ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n kí ọ̀dá náà tó le.

Inú adágún ńkọ́? Ẹja kọ́kọ́ pọ̀ níbẹ̀ lọ́nà ìyanu, torí igi àti koríko tí omi bò mọ́lẹ̀ di oúnjẹ fún wọn. Ní 1970, wọ́n pa tó 28,000 tọ́ọ̀nù. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, kò tó 6,000 mọ́.

Èkó àti Ìbàdàn rí iná, èrè náà kò ṣeé sẹ́. Ẹni tó ń gbẹ́rù ni ò sí níbi tí wọ́n ti ń pín in.

Dáàmù Jẹ́bà tẹ̀lé ti Kàíńjì ní 1985, ti Ṣíróró lórí Odò Kàdúná dé ní 1990. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn fi ọkàn balẹ̀ sí i pé odò kì í kún mọ́, wọ́n kọ́lé, wọ́n sì dáko sí ibi tí baba wọn ò jẹ́ dá a láṣà láti kọ́lé sí. Ní 1999, òjò rọ̀ kọjá ààlà, adágún kún dẹ́nu, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àwọn dáàmù. Omi tí wọ́n ti ń wá fún ọgbọ̀n ọdún wá dé lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì gbé abúlé lọ ní ìpínlẹ̀ Niger àti Kwara.

Ọ̀nà mìíràn wà, kò sì jìnnà sí wa. Ní Kamẹrúùnù, dáàmù Maga tí wọ́n kọ́ ní 1979 gbẹ pápá Waza-Logone. Ní 1994, wọ́n ṣí ojú omi kan tí wọ́n ti dí, wọ́n jẹ́ kí odò kún padà sórí pápá náà. Koríko hù, ẹja padà, àwọn darandaran náà padà. Wọn ò wó dáàmù.

Òfin tó dá àjọ HYPPADEC sílẹ̀ ní 2010 fún ìrànlọ́wọ́ àwọn tí dáàmù pa lára dára, ṣùgbọ́n owó ìrànwọ́ ò lè yé ẹyin ẹja. Láti 2013 tí ilé-iṣẹ́ aládàáni ti ń darí Kàíńjì àti Jẹ́bà, ìjọba àpapọ̀ ló yẹ kó bá ilé-iṣẹ́ náà jókòó, kí àwọn apẹja Tápà náà wà níbẹ̀, kí wọ́n jọ dá ọjọ́ tí wọn yóò máa tú omi sílẹ̀ lọ́dọọdún fún fàdámà, kí wọ́n sì máa kéde rẹ̀ kí omi tó gbéra.