Àrùn Inú Ihò Eku: Wíwá Ọ̀rọ̀ fún Un

Àrùn tí bakitéríà Yersinia pestis ń fà kì í ṣe àrùn ènìyàn ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àrùn eku igbó àti eku aṣálẹ̀ ni. Ènìyàn kàn ń ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ ni. Inú ihò ló ń gbé láti ọdún dé ọdún, kòkòrò tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé e láti ara eku kan dé ara òmíràn. Síbẹ̀, “àjàkálẹ̀ àrùn” ni àwọn atúmọ̀ èdè sábà máa ń pè é, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

À-jà-ká-ilẹ̀: ohun tó jà ká gbogbo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gún régé, àmọ́ ìṣe àrùn ló ń sọ, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Onígbáméjì ń jà kálẹ̀, ìgbóná jà kálẹ̀ rí, Kòrónà sì jà kálẹ̀ lójú gbogbo ayé. Bí ohun tí gbogbo wọn lè ṣe bá di orúkọ ọ̀kan ṣoṣo, kí ni a ó máa pè é nígbà tí kò bá jà, tó jókòó jẹ́ẹ́ sínú ihò? Ẹnìkan lè ní kí ó máa jẹ́ “àrùn eku”. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn yóò rò pé ibà Lásà ni, nítorí eku náà ló ń kó o ran ènìyàn. “Àrùn oníkókó” sàn díẹ̀, torí kókó tí ń yọ ní abíyá àti lẹ́bàá itan. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bá ẹ̀dọ̀fóró jà lè pa ènìyàn láìyọ kókó kankan. Irú rẹ̀ ló pa nǹkan bí 60,000 ènìyàn ní Manchuria láàárín 1910 sí 1911. Ó kù ká yá orúkọ. Ìlú kan ní Borno ni ibà Lásà ti gba orúkọ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó pariwo pé èdè bàjẹ́. Alexandre Yersin rí kòkòrò àrùn yìí ní Hong Kong lọ́dún 1894. “Àrùn Yersin” kò ní ìtumọ̀ méjì. Òun náà ló dé Èkó lọ́dún 1924, tó sì ń pààyàn níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan.

Ní ti orúkọ eku, Yorùbá kì í ṣe tálákà: òkété, ẹmọ́, àgó, asín, ẹdá, èkúté ilé. Ọdẹ kì í ṣi òkété pè ní ẹmọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi tini lójú bí a bá gbọ́ “ajá pápá” fún ẹranko agbẹ́lẹ̀ kan ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, tí àrùn Yersin, tó gba San Francisco wọlé lọ́dún 1900, ń pa ìletò rẹ̀ run. Ìbátan ọ̀kẹ́rẹ́ ni, kì í ṣe ajá. Igbe rẹ̀ tó jọ gbígbó ló mú kí òyìnbó pè é bẹ́ẹ̀. “Ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀” tó. Eku tí àrùn náà ń bá gbé nínú ihò ní Kasakstáànì kò nílò orúkọ ju “eku aṣálẹ̀” lọ.

Kòkòrò tí ń gbé àrùn náà kiri ló ní àríyànjiyàn tó le jù. Eégbọn ni ọ̀pọ̀ ń pè é, bẹ́ẹ̀ eégbọn gidi, ti ara ajá, ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, ó ń lẹ̀ mọ́ni ni, kì í fò. Èyí ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, ó sì ń fò ju gíga ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. “Eégbọn afò” ló yẹ ẹ́. Ẹni tó bá ń jiyàn pé kò ní ìyẹ́ gbàgbé pé ọ̀pọ̀lọ́ náà ń fò, kò sì sí ẹni tó ń wá ìyẹ́ lára ọ̀pọ̀lọ́. Nínú ara eégbọn afò, kòkòrò àrùn máa ń ṣù jọ, a sì dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ ikùn. Ebi á wá máa pa á, á máa bu eku jẹ léraléra, ẹ̀jẹ̀ tó fà á sì padà sínú ọgbẹ́ pẹ̀lú àrùn. Kò sí ìdí láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ orúkọ gígùn fún èyí. “Ọ̀fun rẹ̀ dí” ti parí rẹ̀. Àwọn aṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fẹ́ràn àfòmọ́ “ì-” ju bó ṣe yẹ lọ.

Ibi tí àrùn fi ṣe ilé ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ tó wà fún ìkójọ omi ńlá pè é. “Adágún àrùn” yóò mú ènìyàn wá omi. Ìbùba sàn jù: ibi tí ẹran ń ba sí, tí ọdẹ sì mọ̀. Láti inú ìbùba ni àrùn ti ń lúgọ. Nígbà mìíràn a bẹ́ síta, a sì jà kálẹ̀ láàárín eku. Lúgọ àti jà kálẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣe méjèèjì yìí gbé ìyàtọ̀ tí ìmọ̀ àrùn yìí dúró lé.

Kí ló ń ti ọ̀kan dé èkejì? Iye eku ni. Ìwádìí kan ní Kasakstáànì, tó jáde ní 2004 láti inú àkọsílẹ̀ 1955 sí 1996, fi hàn pé bí eku aṣálẹ̀ bá pọ̀ kọjá ààlà kan, àrùn a wọlé. Bí wọ́n bá dín kù tó ìwọ̀n mìíràn, àrùn a kú tán. Bí a bá pe irú ààlà bẹ́ẹ̀ ní “ìloro”, kò bá a mu, ilé ló ní ìloro. Yorùbá ti ń sọ pé nǹkan “kọjá ojúlùwọ̀n” tipẹ́: ojúlùwọ̀n ìwọlé ni ti àkọ́kọ́, ojúlùwọ̀n ìdúró ni ti èkejì.

Ojú ọjọ́ náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ àrùn yìí. “Ìyípadà ojú ọjọ́” ti gba orí rédíò, kò sì ṣeé lé jáde mọ́. Àmọ́ ojú ọjọ́ lè yí padà láàárín òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Fún ohun tí ojú ọjọ́ ìlú kan ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún wá, “ìwà ojú ọjọ́” péye jù, nítorí ìwà kì í ṣe ìṣesí ọjọ́ kan. Ìyàtọ̀ náà ṣe pàtàkì níbí. Bí ooru bá ju nǹkan bí ìwọ̀n 28 Sẹ́ntígíréèdì lọ, ọ̀fun eégbọn afò kì í sábà dí: ojú ọjọ́ nìyẹn. Ní ti ìwà rẹ̀, olùwádìí Nils Stenseth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2006 pé bí ìgbà ìrúwé ní Kasakstáànì bá fi ìwọ̀n kan ṣoṣo móoru sí i, àrùn láàárín àwọn eku aṣálẹ̀ a fi ohun tó ju ìdajì lọ pọ̀ sí i.