Ehenua, Balógun Tó Gbé Ìtẹ́ Ìbíní Dìde

Ní Òde-Ìrèlè, ìlú ọba Ọlọ́fun nílẹ̀ Ìkálẹ̀, bí àgbàlagbà bá ń ka ìran, kì í pẹ́ kí orúkọ Ìbíní tó jẹyọ. Ìtàn púpọ̀ nílẹ̀ Ìkálẹ̀ ló so orísun àwọn ọba wọn mọ́ ààfin Ìbíní. Ọmọ Ìkálẹ̀ tó bá fẹ́ mọ bí ìtẹ́ ṣe ń dìde lẹ́yìn ogun abẹ́lé, kó kọjú sí Ìbíní.

Ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ìjà pín Ìbíní. Ọba Ewuakpe àti àwọn ìjòyè kò gbọ́ra wọn yé mọ́, ará ìlú kẹ̀yìn sí i, ààfin sì dá. Iden, olorì rẹ̀, ni ìtàn sọ pé ó fi ara rẹ̀ rúbọ kí ọkọ rẹ̀ lè gba iyì padà. Wọn kò gbàgbé rẹ̀ títí dòní. Van Nyendael, oníṣòwò ará Họ́láńdì, kọ ọ́ ní 1702 pé ìlú ńlá náà ti di ahoro, ilé díẹ̀ ló kù lójú ìta. Ewuakpe kú, ìjà kò kú. Ozuere, ọmọ rẹ̀, gorí ìtẹ́ fúngbà díẹ̀, kí Akenzua Kìíní, arákùnrin rẹ̀, tó gbà á ní nǹkan bí 1713.

Akenzua ti dé adé, ìlú kò tíì gbà á. Iyase àti Ezomo ni ọ̀gágun méjì tí ọba Ìbíní gbójú lé jù lọ; nígbà tí Iyase n'Ode, tí ìtàn ẹnu ní ó lè di erin, ṣọ̀tẹ̀, Ehenua tó jẹ́ Ezomo ló kù. Òun ló ja ogun náà já. Ìlú tún tòrò, òwò eyín erin pẹ̀lú àwọn ará Họ́láńdì gbèrú, Akenzua sì di ọba olówó.

Lójú tèmi, ohun tí ọba ṣe lẹ́yìn ogun ló tóbi ju ogun lọ. Oyè Ezomo di ti ìdílé Ehenua, baba sí ọmọ, pẹ̀lú ààfin tirẹ̀ ní Uzebu. Ìbíní máa ń bọ ọwọ́, nítorí ọwọ́ ni ènìyàn fi ń ṣe ohun ńlá. Lára ojúbọ ọwọ́ tí wọ́n fi idẹ rọ fún Ehenua, òun gan-an ló dúró láàárín, nínú ọ̀ṣọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti ọba. Ọba tó fún balógun ní irú ògo bẹ́ẹ̀ kò ṣe ohun kékeré. Ó fi àyè sílẹ̀ fún un, kó má baà di ọ̀tá.

Ní Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ ọba àti balógun gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1774, Oyabi, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun, láti Àjàṣẹ́, ran Aláàfin Abíọ́dún lọ́wọ́ láti bọ́ àjàgà Baṣọ̀run Gáà. Ṣùgbọ́n láàárín àádọ́ta ọdún, Kakaǹfò mìíràn, Àfọ̀njá, ti dìde sí Aláàfin ní Ìlọrin.

Nígbà tó yá, apá balógun kò ká a mọ́ ní Ìbíní pàápàá: ní 1897, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Ìbíní, wọ́n sì kó Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar. Ológbòsẹ̀rẹ̀, balógun rẹ̀, jà nínú igbó títí di 1899 tí wọ́n fi so ó rọ̀. Nígbà tí ìtẹ́ padà fún Eweka Kejì ní 1914, àṣẹ ìjọba amúnisìn ló gbé e dé, kì í ṣe apá balógun kankan.