Kí Ló Ń Mú Kí Iṣẹ́ Ọnà Gba Ojú Ẹni? Láti Orí Ère Dé Orí Fọ́tò

Àwọn ọmọ awo máa ń bi wá níhìn-ín nílùú Ìwó pé: kí ni nǹkan náà gan-an tí ń mú kí ọnà fa ojú mọ́ra? Ṣé fọ́tò náà wà lára ọnà?

Ìtàn ni ká fi dáhùn. Ọpọ́n Ifá kan wà ní ìlú Ulm ní Jámánì. Allada, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí, ni wọ́n ti gbé e lọ, ó sì ti wọ ìwé láti ọdún 1659. Àwọn onímọ̀ ṣì ń wò ó, wọ́n ṣì ń kọ̀wé lé e lórí. Ṣùgbọ́n kò sí awo tí ń tẹ Ifá lójú rẹ̀ mọ́.

Robert Farris Thompson, ará Amẹ́ríkà, bi àwọn àgbà wa léèrè ohun tí wọ́n fi ń mọ ère tó dára, ó sì tẹ èsì wọn jáde lọ́dún 1973. Jíjọra wà níbẹ̀: kí ère jọ èèyàn, kó má jọ ọ́ jù. Ìfarahàn wà níbẹ̀, dídán wà níbẹ̀, ọ̀dọ́ náà ò gbẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ère ìbejì fi ń ní ara géńdé, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọwọ́ ló kú.

Fọ́tò wá ńkọ́, tí jíjọra tirẹ̀ pọ̀ jù? Stephen Sprague ṣèwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1978. Nínú fọ́tò wa, àgbà á jókòó gbọn-in, á kọjú síni, á tẹ́ ọwọ́ lé itan, aṣọ rẹ̀ á hàn tán. Ìfarahàn nìyẹn! Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá sì kú, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀.

Tẹ́lẹ̀, ojú tín-ín-rín la fi ń wo fọ́tò. Ọ̀rọ̀ yìí ló yí wa lérò padà. Ìyá tó di bébà yẹn mú kò wá ìjọra. Ọmọ rẹ̀ ló ń wá. Rowland Abíọ́dún ti ṣàlàyé pé ìwà kì í ṣe ìhùwàsí nìkan, wíwà ohun kan gan-an ni. Ìdí nìyẹn tí àgbà fi ní ìwà lẹwà. Iṣẹ́ tó bá jẹ́ ká rí ìwà ohun tó dúró fún, igi ni o, fọ́tò ni o, òun ní ń gba ojú àti ọkàn.

Nítorí náà, ẹ má ta ọpọ́n baba yín torí pé ẹ ti ya á ní fọ́tò. Fọ́tò lè fi ojú Èṣù hàn létí ọpọ́n. Kò lè gba ìyẹ̀rosùn. Ẹ ya á kó wà lákọsílẹ̀, kí ẹ sì máa fi dá Ifá.